Kókó Ọ̀rọ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta ni ìlú máa ń pàdé.
Yìnyín ń yọ́ lórí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́,
ẹrẹ̀ Vermont bá gbogbo wa wọlé, kò dúró gba àṣẹ.
Èmi ni akọ̀wé. Wọ́n ní kí n má kọ àròyé,
kókó ọ̀rọ̀ nìkan: ta ló dábàá, ta ló kín in lẹ́yìn,
ọwọ́ mélòó ló lọ sókè.

Àbá náà kò ju ìlà mẹ́ta lọ.
Kí ìpínlẹ̀ gba owó orí lọ́wọ́ olówó àti tálákà,
kí ẹni tí àìsàn bá kì mọ́lẹ̀ wọ ilé ìwòsàn,
kí ẹnikẹ́ni má béèrè ohun tó wà lápò rẹ̀.

Owó orí! Orí la fi sọ ọ́ lórúkọ,
ara wa gan-an là ń dúnàádúrà lé lórí.

Orrin Pascoe ló kọ́kọ́ dìde, tó ń se oje igi mápù tà,
ó ń lọ́ fìlà rẹ̀ bí ẹni ń fún omi lára aṣọ.
"Òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án ni mo ní. Ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún
lórí owó iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn!
Ẹ ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó dáa.
Ọwọ́ ta ni yóò wà nísàlẹ̀,
èyí tí ìyókù yóò máa tẹ̀ mọ́ àyà?"
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo kọ ọ́: Pascoe takò ó.
N kò kọ ọ́ pé nígbà tí ọkàn Wendell awakọ̀ rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀,
Orrin ló san owó iṣẹ́ abẹ, láìwí fún ẹyẹ.
Èmi mọ̀. Èmi ni mo fi òǹtẹ̀ lu
ìwé tó fi igbó bàbá rẹ̀ dógò.

Delphine Thibodeau kò dìde; orúnkún kò gbà fún un.
"Ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ owó orí,
agolo orí káńtà ilé ìtajà Lacroix ńkọ́?
Fọ́tò ọmọ tó ń ṣàìsàn níwájú, ihò lára ìdérí,
ẹni tó wá ra wàrà á ju ṣẹ́ńjì sí i.
Owó orí nìyẹn náà.
Orí ẹni tó bá ṣèèṣì kọjá ló ń san án.
Ọmọ tó bá lẹ́rìn-ín, agolo tirẹ̀ a kún.
Ta ni yóò lẹ fọ́tò tèmi mọ́ agolo?"
Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun kò rín.
Ó ní òun ń ṣẹ́ oògùn òun sí méjì,
ìdajì lónìí, ìdajì lọ́la,
bí ẹni ń fi òórùn bẹntiróòlù tan ọkọ̀ jẹ.

Ẹnìkan béèrè bóyá àwọn dókítà kò ní sá lọ sí New Hampshire.
Ẹlòmíràn ní wọ́n ti sá lọ tẹ́lẹ̀.
Ọmọdékùnrin kan ń yí bọ́ọ̀lù lábẹ́ àga.
Àwọn tó ní màlúù ń wo aago.

Mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún gbà. Márùn-úndínláàádọ́fà kọ̀.
Méjì kò dìbò:
bàbá Ezra Quimby, tó ti ń hanrun láti ìgbà àdúrà,
àti akọ̀wé.
Ẹni tó bá mọ ìṣirò, kó ṣe é fúnra rẹ̀.

Wọ́n rò pé kálámù ló dí mi lọ́wọ́.
Ọwọ́ ọ̀tún ni kálámù wà.
Lábíyá òsì, kókó kan ti wà níbẹ̀ láti oṣù Kọkànlá;
ó tó ẹ̀pà nígbà yẹn, ó ti tó ẹyin àdàbà.
N kò tíì fi han ẹnikẹ́ni,
torí mo mọ iye tí wíwò lásán ń jẹ.
Bí mo bá gbé ọwọ́ yẹn sókè, á dùn mí.

Mo fi í di ìwé mú, mo fi ìkejì kọ ọ́:
Ìpàdé parí ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn.